Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Nídìí Tábìlì Aṣọ

Aṣọ kóòtù méjìlá ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìyá Àlùmọ́gàjí ló gé wọn, ẹni tó ti ń gé aṣọ nílé iṣẹ́ ìránṣọ Ọ̀gá fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá kò pariwo.

"Ìyá, tó bá tún ṣẹlẹ̀, mo máa fi tábìlì yìí fún ẹlòmíì. Ọwọ́ yín ń jó, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọrin fún un."

Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ rẹ́rìn-ín. "Lóṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ń sùn lórí aṣọ. Nísinsìnyí, ẹ ń ṣe bí ẹni tí eèrà wọ̀ lẹ́wù. Èwo gan-an lẹ ń ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni. Táírọ́ọ̀dù Ìyá, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun tó ń darí bí ara ṣe ń yára tó, kò ṣiṣẹ́ tó mọ́ láti ọdún mẹ́ta. Òògùn ló fi ń rọ́pò ohun tí ẹ̀yà náà kò pèsè mọ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò dúró sójú kan. Tó bá lọ sílẹ̀, òtútù àti oorun á dé, dókítà á fi kún òògùn. Tó bá lọ sókè, àyà á máa já, dókítà á dín in kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìrònú ló fà á. Aládùúgbò ní òògùn ayédèrú ni. Kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nọ́ọ̀sì kan nílé ìwòsàn tẹ́ èsì àyẹ̀wò márùn-ún síwájú Ìyá.

"Mà, kí lẹ fi ń gbé òògùn táírọ́ọ̀dù yín mì?"

"Tíì oníwàrà, ní aago mẹ́wàá tí gbogbo wa bá ń sinmi. Mo máa ń lo òògùn egungun mọ́ ọn, kí n má baà gbàgbé."

"Lójoojúmọ́?"

"Rárá o. Tí aṣọ bá wà lórí tábìlì, agéṣọ kì í mu ju omi lọ. Tíì kán sí i, aṣọ lọ nìyẹn. Òògùn egungun á dúró dìgbà tí mo bá délé."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Lóṣù tí iṣẹ́ bá dá, wàrà àti òògùn egungun kì í jẹ́ kí ti táírọ́ọ̀dù wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Dókítà á fi kún un. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé, omi nìkan ni, gbogbo rẹ̀ á wọlé, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò bi mí."

"Ẹ̀yin náà ò sọ, mà."

"Ta ló ń ròyìn tíì fún dókítà?"

Nọ́ọ̀sì kò ṣèlérí. Ó ní nǹkan mìíràn lè wà níbẹ̀. Kí Ìyá máa fi omi lo ti táírọ́ọ̀dù tó bá ti jí, kó dúró tó wákàtí kan kó tó jẹun, kí òògùn egungun di wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n tuntun. Wọn á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ogójì kóòtù ló wà fún gígé ní Ọjọ́bọ̀. Ìyá lọ bá Ọ̀gá fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa gé aṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi á máa wọ̀n ọ́n. Ẹ má tíì fi tábìlì náà fún un."

"Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ."

Ọ̀gá gbà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ lé ọjọ́ kan."

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó ń yí tábìlì ká.

"Má sáré," ó sọ fún ọmọbìnrin tó ń gé aṣọ.

"Mi ò sáré, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ ò dúró."