Àmín Tí Mo Ṣe Láìgbọ́ Àdúrà

Láràárọ̀ ni ìyá mi máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù láti Ọ̀yọ́. Àdúrà ni. Wọn á gbà á fún èmi, fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ, títí dórí ọ̀gá iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà mìíràn, ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí n má purọ́, n kì í tiẹ̀ ṣí i. Màá kàn kọ ọ́ pé, "Àmín, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún wa," màá sì máa wá bàtà ọmọ kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti fèsì bẹ́ẹ̀ tán, mo ti wà ní oríta Takie tí mò ń dúró de kẹ̀kẹ́, ni àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé nítòsí àwọn òbí wa l'Ọ́yọ̀ọ́ bá pè mí.

"Àǹtí mi, kí lẹ kọ ránṣẹ́ sí Màmá?"

"Kí ni mo kọ?"

"Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀, apá wọn sì kán. Màmá sọ fún yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún wa!"

Mo ṣí ohùn náà níbẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ohùn ìyá mi ń gbọ̀n, wọ́n ní kí n tètè pe àwọn.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́. Lójú ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ohùn àtẹ̀yìnwá. Láàárín àdúrà kan, ìyá mi ní ojú ń dun àwọn, àwọn ò lè pẹ́ ní ìsọ̀ àwọn lọ́jà Akẹ̀sán mọ́. Mo ti ṣe àmín síyẹn náà. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ti gbé apá bàbá mi kọ́ ọrùn wọn.

"Aláàmín dé!" ni bàbá mi wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí apá náà fi dùn wọ́n.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n ò gbọ́ ọ kí n tó fèsì."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Àdúrà ìṣẹ́jú márùn-ún, o ti ṣe àmín kí n tó gbé fóònù sílẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bá mi wí?"

"Ṣebí ò ń dáhùn. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé o jí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Mò ń gbé omi ìwẹ̀ fún bàbá mi, mò ń fọṣọ tí kò dọ̀tí. Ìyá mi ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ká ní wọ́n bínú sí mi ni, ara ì bá tù mí.