Wọ́n Ní Elkanah Ló Wó Ògiri

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ògiri ìwọ̀-oòrùn ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta wa wó lu Elkanah Pamílẹ́rìn, bíríkìlà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó kú kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kí a tó sin ín, ìgbìmọ̀ ilé ṣọ́ọ̀ṣì ti lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn: olóògbé ló fi irin gbẹ́ ògiri láìní autorisation, ìyẹn ìwé àṣẹ, òun ló sì fa ìjàǹbá náà. Nítorí náà, a kò ní ṣe ìsìn ìkẹyìn rẹ̀ nínú ilé náà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tí kò lè tún gọ́tà ṣe láàárín ọdún méjì ti wá ẹlẹ́ṣẹ̀ rí láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ẹlẹ́ṣẹ̀ náà jẹ́. Makepe, ní Douala níhìn-ín, ló ń gbé. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ògiri tó kọjú sí odò Wouri ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, òun la pè. Kò ra àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ó lọ kó ìkarahun lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó sun ún títí ó fi di ẹfun, ó da omi sí i, ẹfun náà sì ń hó bí ìkòkò tí kò sí iná nídìí rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà á sí i, ó fi àpò tútù bò ó, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. A rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ẹfun náà ti rọ̀ bí òrí. Ó pò ó mọ́ yanrìn, ó fi dí àárín òkúta kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wọ́n omi sí i lójoojúmọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Tó bá dé láàárọ̀, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó ní ògiri àtijọ́ ń mí. Omi ń wọ̀ ọ́ láti ilẹ̀ àti láti òkè. Ẹfun ń jẹ́ kó jáde, sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ka ìwé púpọ̀, n kò sì rí èyí tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ilé náà fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ògiri ìwọ̀-oòrùn sì ń bàjẹ́. Elkanah ní kí a fún òun ní oṣù márùn-ún. Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Stephen Adéoyè, tó ní ṣọ́ọ̀bù táìlì ní Bonamoussadi, rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ayé ti lajú,” ó ní. “Ta ló tún ń fi ìkarahun kọ́lé?”

“Alága,” ni Elkanah dáhùn, “òjò ò tíì lajú.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a gbé ọwọ́ sókè fún sìmẹ́ǹtì. Mo wà níbẹ̀; ọwọ́ tèmi náà wà lókè. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rẹ́ ògiri náà, wọ́n kùn ún, ó ń dán bí iwájú orí Alága. Wọ́n dí kòtò ẹfun, wọ́n gbin òdòdó lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Elkanah kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ìgbìmọ̀. Mo béèrè wọn lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó ní wọ́n wà nínú dossier, fáìlì ìgbìmọ̀. Ní Douala yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin lẹ́tà sí.

Òjò sì dé, òjò tiwa tí kì í gba autorisation lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀dà wú bí ara tí iná jó. Nígbà tí òkúta kan yọrí síta, Elkanah tí ẹnì kankan kò pè gbé igi mẹ́ta wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó fi ti ògiri náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣí sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Ìgbéyàwó kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Goodness, tó ń tọ́jú ilé náà, ni wọ́n ní kó yọ àwọn igi náà. Kò gbé ojú sókè nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. “Alága ní wọ́n á ba fọ́tò jẹ́. Mo bi í bóyá kí n dá wọn padà tí ìgbéyàwó bá ti parí. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí mo kó wọn sí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Elkanah dé, ó bá ògiri láìsí ohun tó tì í. Ó ń gbé igi àkọ́kọ́ padà síbẹ̀ nígbà tí ògiri wó. Igi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wú u jáde. Ṣé bí ẹni tó ń wó ògiri ṣe ń ṣe nìyẹn?

N kì í tètè gba ara mi gbọ́, nítorí náà mo bi ara mi: ṣé irin rẹ̀ kò dá kún un? Ó lè dá kún un. N kì í ṣe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ògiri odò. Òkúta kan náà, òjò kan náà, ọdún mọ́kànlá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó gbẹ.

Ìta gbangba la ti ṣe ìsìn rẹ̀, ní Japoma, níbi tí a sin ín sí. Ìgbìmọ̀ tí kò lè ṣílẹ̀kùn fún òkú fi ìfẹ́ kó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà ránṣẹ́ fún sàréè rẹ̀. Fadékẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.

“Ẹ gbé e padà,” ó ní. “Ẹ sọ fún Alága pé èyí tó dà lé bàbá mi lórí ti tó.”

Ó tó lóòótọ́. Ẹ já ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí akọ̀wé yọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú dossier rẹ̀, kó kà wọ́n sí etígbọ̀ọ́ ìjọ láìfo ìlà kan. Tó bá kà wọ́n tán, kó pe orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ọwọ́ sókè fún sìmẹ́ǹtì. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Lẹ́yìn náà kí Alága dìde, níwájú Fadékẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ní kí wọ́n yọ igi.