Ẹkún A-Bí-Dí Pa Ọláfimíhàn

"Ẹ̀n-ẹ́n, agbè ò fọ́! Ta ló bi yín léèrè agbè?"

Ohùn Pa Ọláfimíhàn nìyẹn o. Ẹ fi imú sọ ọ́, kí ẹ sì na ìka sókè bíi pé Ọlọ́run gangan lẹ̀ ń nà án sí. Ẹ ti mú un nìyẹn. Kò sẹ́ni tí ò lè sín in jẹ ní àdúgbò wa ní Baruwa, pàápàá ọjọ́ tó kó wàhálà bá àwọn olùtùnú ní pálọ̀ Matilda.

Òjò ọdún 2011 ló gbé Olúwadárasími, ọmọ Matilda, lọ nínú gọ́tà. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún pálọ̀, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá tí ọmọ ẹ̀ bá kú: omi ló dànù, agbè ò fọ́, wàá tún bí òmíì, má sunkún mọ́ kí ẹkún má lọ dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Matilda ṣáà ń mi orí. Kò sunkún, kò jẹun.

"Omi yẹn ló fẹ́ mu!" Pa pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Òùngbẹ ń pa á, ẹ wá ń gbé agbè hàn án!"

Ni Cecilia, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, bá dìde. Tiẹ̀, ohùn ẹ̀ máa ń han bíi hóònù kẹ̀kẹ́: "Pa, ẹ rọra o! Ìdájọ́ Ọlọ́run ni. Ó ti pẹ́ tí Matilda ò ti wá sí ìṣọ́ òru mọ́."

"Ìdájọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin? Kí ló ṣe, ó lá súgà?"

"A kì í bi Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀, Pa!"

"Àbí ìwọ ni akọ̀wé kóòtù Ẹ̀?"

Pa ti máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà rí, àmọ́ wọ́n ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, torí pé ibi yòówù kí wọ́n ní kó kà, Jerúsálẹ́mù ló máa já sí. Ó máa ń ròyìn bí wọ́n ṣe wó ìlú náà bíi pé àná ni. "Àwọn Bábílónì ò gba iwájú o. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, bí ẹni ń ti Ayọ̀bọ̀ bọ̀."

Mùíz télọ̀ á ní, "Pa, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin àti ta?"

"Èmi àti ebi."

Àmọ́ ẹkún tí àwọn Hébérù sun nígbà tí ìlú wọn wó ló fẹ́ràn jù. "Wọ́n gbà pé àwọn ṣẹ̀ o," ló máa ń sọ, "síbẹ̀ wọ́n kọjú sí I, wọ́n ní ìyà yìí ti pọ̀ jù. Kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n kó ẹkún náà sínú ìwé Òun." A-bí-dí ni wọ́n sì fi tò ó, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. "Ẹkún tí ò létò, bí àgbàrá ló ṣe máa gbé èèyàn lọ. Tiwọn, o máa mọ ibi tó o dé."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Matilda nìyẹn, níwájú ilé ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́.

"A!" Pa á pè é bíi tíṣà.

"Aṣọ ẹ̀ ṣì wà lórí okùn."

"B!"

"Bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n rí."

"D!"

"Dára, ṣebí mo ní kó o má jáde."

Wọ́n ń bá a lọ ni Cecilia àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá yọ. "GB!" ni Pa wí.

"Gbogbo yín, ẹ máa lọ sílé yín!"

Pa pàtẹ́wọ́. "Ó ti gbọ́ Hébérù!" Matilda jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ yẹn.

K ló wá di wàhálà. "Kí ni mo ṣe fún Ọ?" Ibẹ̀ ni Matilda máa ń dúró sí. Pa sì ti sọ fún un pé àárín ẹkún ni àwọn Hébérù fi àánú sí, kì í ṣe ìparí, pé L gan-an ni àárín a-bí-dí tiwa.

"Àánú ò sí lẹ́nu mi, Pa. Irọ́ ni mo máa pa."

"Má purọ́. A máa dúró."

Wọ́n á fi í síbẹ̀. Tó bá dọ̀la, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Ó sú Mùíz: "Ẹ fò ó jàre, ẹ lọ sí M!"

"Ìwọ, tó o bá ń rán bùbá, ṣé o máa ń fo ọrùn?"

Ọjọ́ kan ni Cecilia bi í pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Pa ò pariwo. "Nígbà tí ọmọ wa kú, gbogbo ẹbí ní kí Àtọ́kẹ́ ìyàwó mi má sunkún, agbè ò fọ́. Ó gbọ́ tiwọn. Kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi sin òun náà."

Ibẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń sín in jẹ.

Inú ọyẹ́ 2013 ni Pa kú. Létí sàréè, ẹni tó mú máìkì ní, "A ò fẹ́ ẹkún o! Bàbá dàgbà, ó dárúgbó, ìdùnnú ni!" Matilda bá bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó pe lẹ́tà kankan.

"Lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ní kí n panu mọ́, Ìwọ lo rán bàbá yìí sí mi." Ó gbójú sókè. "Mo dúpẹ́. Kí ló wá dé tó O fi mú òun náà? Ṣé O ò rí ẹlòmíì mú ni?"

Gbogbo wa yíjú sí Cecilia, à ń retí hóònù. Ó húkọ́. Ohùn ẹ̀ kéré gan-an: "Matilda, M ló kàn."

Mùíz ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, títí tá ò fi mọ ìgbà tó di nǹkan míì lójú wa.

"Màá sun ún dé Y, Pa," ni Matilda wí.

Ó sì ń sun ún lọ bẹ́ẹ̀, ó ti dé...

"Hamdalah! Ọṣẹ tí mo rán ẹ dà?"

Màámi nìyẹn, èmi ló ń pè. Mò ń bọ̀, mà!