Kí Sísọ́ọ̀sì Tó Kan Aṣọ

Ọmọ télọ̀ ni obìnrin tó ń to bọ́tìnnì sójú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pín díìsìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí bọ́tìnnì "Pín in" ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n bá pín díìsìkì gba orí rẹ̀ lè pa rẹ́. Obìnrin náà fárígá: "Ọ̀gá, ìyá mi kì í ti sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ láìkọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà." Ó ṣe é kí ìlà lásán máa kọ́kọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà, láìtíì pín ohunkóhun, títí èèyàn á fi tẹ "Gé e". Ọ̀gá yínmú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣèèṣì fàlà sórí ibi tí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wà. Ó sáré pa ìlà náà rẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Bá mi kí màmá o," ló wí.