Ilẹ̀kùn Tí Àbúrò Mi Fọwọ́ Sí

Níbi iṣẹ́ àbúrò mi obìnrin, Ìyá Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé odidi ọdún mọ́kànlá ni kò fi ṣe nǹkan mìíràn ju kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì pa á dé.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àpótí kọ̀ǹpútà ló wà. Àwọn àpótí kan ní ilẹ̀kùn níwájú, tó bo bọ́tìnì àti ojú ibi tí a ti ń ki sídíì bọ̀ ọ́. Tí ẹnjiníà bá ya irú ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n á ṣe ẹyọ kan, wọ́n á gbé e wá sórí tábìlì àbúrò mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà ni yóò ṣí i kó tó sọ̀rọ̀. Tó bá ní ó le, ẹnjiníà á fajú ro, á padà sídìí àwòrán rẹ̀. Tó bá ní ó rọrùn, wọ́n á tẹ nọ́ńbà tábìlì rẹ̀, mẹ́rìnlá, sẹ́yìn gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣe.

Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Tí a bá jọ wọ ilé onílé, kó tó jókòó, á ti ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ṣe eléyìí ò níka lọ́wọ́." Màá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó panu mọ́.

Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ní ọdún kẹsàn-án, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbà tó yá, ó wú. Nígbà tó tún yá, kò lè di síbí mú. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yẹn ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ ń dun òun ni wọ́n lé e. Àbúrò mi sì ní ọmọ méjì, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ló bá dákẹ́, ó fọwọ́ ọ̀tún sórí itan, ó ń fi òsì ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fura.

Èmi ńkọ́? Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń da àkọsílẹ̀ àtijọ́ kọ látinú sídíì ni mo wà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun méjìlá wá fún wa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn tèmi, mo rí mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀. Mo pariwo! "Àbúrò mi ló yẹ eléyìí wò! Ọmọ ìyá mi!" Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú.

Ọ̀gá wa ní eruku ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, torí náà, bí a bá ti ki sídíì bọ̀ ọ́, ká pa ilẹ̀kùn dé. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ìgbà lójúmọ́. Ilẹ̀ ni àpótí náà wà, lábẹ́ tábìlì, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ò lè débẹ̀ àfi téèyàn bá dọ̀bálẹ̀. Ìkọ́ ilẹ̀kùn sì wà létí òsì, ó le, kéèyàn lọ́ ọrùn ọwọ́ kó tó lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Kò pé oṣù méjì tí ọwọ́ mi fi ń ta mí. Obìnrin tó jókòó tì mí ń fi òróró ra tiẹ̀. Ó ní, "Àbúrò ẹ yìí, ṣé kì í ṣe pé a ṣẹ̀ ẹ́ báyìí?" Mo bú u títí ó fi sunkún. Nílé, mi ò sọ nǹkan kan. Ṣé èmi ni màá wá fẹnu ara mi tẹ́ ọmọ ìyá mi?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, àbúrò mi wá kí ìyá wa, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Àkókò oògùn ìyá tó. Mo gbé ìgò oògùn fún un. "Bá mi ṣí i." Ó wò ó. "Ẹ̀yin ẹ ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi." Mo tún gbé e fún un, ó tún dá a padà.

Ìyá wa gbórí sókè. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú kẹ́ ẹ tó ṣí i ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ni àbúrò mi bá fi orúnkún há ìgò náà, ó fi òsì yí ọmọrí rẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún ẹ?"

"Kí ló ṣe tiyín?"

"Ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ni. Mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Apá ibo ni ìkọ́ ẹ̀ wà?"

"Òsì."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Òsì ni mo fi dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi, mo búra, ó rọrùn fún òsì."

Inú bí mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ó ta ọwọ́ mi kó lè rí iṣẹ́ ṣe. Ìyá wa ló ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹgbàárùn-ún àpótí ti lọ, ta ló fẹ́ lọ kó wọn padà? Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún un ní lẹ́tà kó máa lọ sílé.

Ṣé ẹ mọ ibi tó gbà lọ? Ọ́fíìsì wa! Sukudiráfà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì mi, ó ní òun máa yọ gbogbo ilẹ̀kùn náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè yí i. Tèmi náà ò lè yí i. Mo dọ̀bálẹ̀ tì í, mo fọwọ́ òsì di ìdí irin náà mú ṣinṣin, ó fọwọ́ òsì yí i. Ó ní, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Òsì méjì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" Òógùn bò wá. A yọ ìkan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà dé èkejì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wọlé, ó fa àbúrò mi jáde láti abẹ́ tábìlì.

Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti dá ilẹ̀kùn náà padà sáyè rẹ̀. Èmi ni mo ṣì ń ṣí i. Dókítà ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo ní ṣé òun ló máa bọ́ ìyá mi.

Àbúrò mi ò tíì ríṣẹ́. Ó ń wá láràárọ̀, kí n tó jáde. Kì í bi mí nípa ọwọ́ mi mọ́. Bó bá ti wọlé, ìdí ìgò oògùn ìyá wa ló máa kọ́kọ́ lọ. Á fi orúnkún há a, á fi òsì ṣí i, á sì fi í sílẹ̀ láìdé fún mi.