Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Kà Léraléra

Ká ní àlejò ni, n kò ní bínú tó báyìí. Ọmọ wa ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan ní Òde Mahin, omi kan náà ni gbogbo wa mu dàgbà, kó tó lọ kàwé ní Ìbàdàn tó fi di ọ̀gá àwọn tó ń wo ìlera ọmọdé láti abúlé dé abúlé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Ayétòrò, tó fi èdè Ìlàjẹ kí wa, inú wa dùn débi pé àwọn ìyá kan ń pàtẹ́wọ́. A ní a ti ní ẹni tiwa níbẹ̀. Ẹni tiwa! Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà náà, gbogbo ìlú ló jọ ni ohun gbogbo. Ìkòkò kan la ti ń jẹun, ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti gbogbo wa ni. Ilé ìránṣọ ni iṣẹ́ tèmi wà. Ọmọ kan kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa. Ọmọ lè jí nílé yìí, kó jẹun níbòmíràn, kó sùn síbi tó bá wù ú, kò sí ìyá tó máa pariwo. Mo fẹ́ràn ayé yẹn, n kò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kúrò lọ́dọ̀ wa ní tirẹ̀. Ó fẹ́ apẹja kan ní abúlé kékeré lẹ́yìn Abereke, níbi tí gbogbo ilé dúró lórí òpó nínú omi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ lórí pákó. Àrùn èèyi sì ti ń mú ọmọ ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí, èyí tí wọ́n ń gún pa pọ̀ mọ́ ti ṣọ̀pọ̀nná tó ń dá àpá sí apá.

Ní ọjọ́ tí ọ̀gá dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ọmọ sínú ọkọ̀, ó ń lọ gba abẹ́rẹ́ ní Òde Mahin. Ó yà kí mi ní èbúté. Ọ̀gá bi í léèrè ibi tó ń lọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ má da ara yín láàmú. Lọ́la la ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí mo bá ti kọ ọ́ pé àwọn ọmọ yín kò ní àpá abẹ́rẹ́, ọkọ̀ abẹ́rẹ́ á wá bá yín nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ṣàdúrà fún un pé ire ni yóò máa bá pàdé lójú omi. Ó yí orí ọkọ̀ padà, ó wà á lọ sílé.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa mú wọn kiri, torí mo mọ ìwé díẹ̀. Iṣẹ́ wàràwàrà ni. Ẹ wọlé, ẹ béèrè iye ọmọ, ẹ ká apá aṣọ wọn sókè, ẹ wo àpá, ẹ kọ ọ́, ó di ilé kejì. Tí iye ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n wò ní agbègbè wa bá ti pé, ó parí. A ó ṣe Ayétòrò láàárọ̀, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án. Àdéhùn nìyẹn.

Nílé àkọ́kọ́, wọ́n bi ìyá ilé pé ọmọ mélòó ló ní. Ó na ọwọ́ méjèèjì: "Gbogbo àwọn wọ̀nyí!" Gbogbo wọn ló ní àpá, torí a ti gba abẹ́rẹ́ nílùú wa. Bí a ṣe ń lọ sílé kejì, àwọn ọmọ náà sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí afárá pákó, ijó ni wọ́n ń jó. Ká tó débẹ̀, wọ́n ti tò, wọ́n ti ká aṣọ sókè. Ìyá ilé náà ní ọmọ òun ni wọ́n. Kò purọ́. Nílé kẹta, ọmọbìnrin kan tí kò ní eyín iwájú tún rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ọ̀gá," mo ní, "a ti kọ ọmọ yìí."

"Ta ló ni ín?"

"Ọmọ gbogbo wa ni."

"Ṣé o rí i? Mò ń kà á fún gbogbo yín."

Mo rò pé àpárá ló ń dá. Àwọn ará Ìbàdàn tó bá a wá kò mọ̀ wá, wọn kò lè mọ ọmọ kan yàtọ̀ sí èkejì. Òun mọ̀. Ó mọ̀ wá dunjú, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Kí oòrùn tó mú, iye ọmọ ti pé. Ó béèrè bóyá pùpùrú tí à ń sè fún wọn ti jinná.

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Omi ń ru. Tí a bá ń padà, a ó gba ibẹ̀ kọjá."

Omi wo ló ń ru? Omi dákẹ́ rọ́rọ́ níwájú wa! Ilẹ̀ mọ́, a kàn gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wọn ni. Ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà, wọn kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kíákíá pé kó máa lọ sí Òde Mahin. Ọkọ rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun. Kó tó dé, èèyi ti wọlé. Ọkọ̀ abẹ́rẹ́ kò wá o, kí ló fẹ́ wá ṣe? Ọ̀gá ti kọ ọ́ pé gbogbo ọmọ agbègbè wa ló ní àpá. Ẹ wo ìwà ọ̀dàlẹ̀! Ohun tí a fi ń yangàn láyé ló fi sin wá.

Ọmọ náà kò kú. Ojú rẹ̀ ni àrùn náà gbà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá rẹ̀ ti fi okùn so ó ní ìbàdí mọ́ òpó ilé kó má baà rìn bọ́ sómi, ọmọ náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá eteetí pákó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e.

"Fi í sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́. Mo sọ fún ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́..."

"Ìwọ lo mú un kiri. Fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ ti ní ọmọ tí ẹ kà."

Ọmọ náà ti gbọ́ ohùn mi, ó ti na ọwọ́ sókè. Mo kó ọwọ́ tèmi sẹ́yìn.