Oúnjẹ Àárọ̀ Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀kọ mímu ń tutù níwájú bàbá àgbà, àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dẹ etí sí ìhà ojú irin.

"Ṣé ọkọ̀ ti kọjá?"

"Kò tíì kọjá, Bàbá," ni mo fèsì.

Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi òòlù kan irin wò láàárọ̀, kí wọ́n fi sípánà dè é níbi tó bá ti tú. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn kì í jẹun àfi bí ọkọ̀ bá ti gba ibi tí wọ́n tọ́jú kọjá láyọ̀. Ìjọba ní kí wọ́n lọ sinmi, ọ̀fun wọn kò gbọ́.

Bí mo bá bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n á ní: "Ojú irin méjì ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá wọn yàtọ̀ síra. Ọ̀kan gbéra l'Ékòó, ó gba Ẹdẹ níbí. Èkejì gbéra ní Bárò létí Odò Ọya, ó forí lé Kánò. Ìgbà tí wọ́n pàdé ní Mínná ni ìjọba fi wọ́n sábẹ́ ọ̀gá kan. Bàbá tèmi wà nínú àwọn tó ru irin. Látìgbà náà, bí nọ́ọ̀tì kan bá tú l'Ẹ́dẹ, ẹni tó ń lọ sí Kánò ló máa jìyà ẹ̀. Oúnjẹ wo ló fẹ́ gba ọ̀fun mi?"

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kò wá mọ́. Bàbá àgbà á jókòó títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọ́n á ní ebi ò pa àwọn. Wọ́n ń rù. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré wọlé.

"Ó ti kọjá, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Wọ́n ṣan ọwọ́. "Bísímílà," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń parọ́ láràárọ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Irin tí ọkọ̀ bá ń gbà máa ń dán. Mo lọ wo tiwa. Ó ti dípẹtà." Ojú tì mí gan-an. "Má dákẹ́ o. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, mo lè jẹun."

Ọdún pípẹ́ lẹ́yìn ikú wọn, mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin, tó ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, dábùú títì kọjá níwájú wa, tí ilẹ̀ ń mì. Mo bú sẹ́kún.

"Mọ̀mí, kí ló dé?" ni ọlọ́kadà bi mí.

Àárò bàbá àgbà ń sọ mí. Irọ́ ni mo ń gbé lọ bá wọn láràárọ̀, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi. Òótọ́ wá dé wàyí, n kò rí ẹni gbé e fún.